Òpó irin wo ló yẹ òkè yín? Ìfiwéra àwọn òpó tí wọ́n fi ń fa gẹdú

Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta gbáko lórí òkè tí a ti ń ṣiṣẹ́, nítòsí etíkun Oregon. Kùkùté igi Douglas fir kan ni wọ́n de wáyà mọ́ lẹ́yìn òpó, ó tóbi débi pé apá mi kò ká a. Bí ẹ̀rọ ṣe fa ìtì àkọ́kọ́, ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn kùkùté náà lanu, ìlà tínínrín kan báyìí, bí ìgbà tí ògiri amọ̀ bá sán. Nígbà tí yóò fi fa ìtì kejì, ìka ọwọ́ ti lè wọ ibẹ̀. Fọ́máànù fọn fèrè, gbogbo wa dúró, wọ́n sì dẹ wáyà náà. Kò sẹ́ni tó farapa. Òpó irin tó wà níwájú wa kò ní àléébù kankan, ọ̀dà rẹ̀ ṣì ń dán, gbogbo ojú ibi tí wẹ́dà ti jó o pọ̀ ló mọ́ tónítóní. Kùkùté ló fẹ́ pa wá.

Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé irú òpó wo ni kí òun rà tàbí kí òun háyà, ohun tí èmi náà máa ń kọ́kọ́ bi í ni pé kí ló wà lẹ́yìn ibi tó fẹ́ gbé e kalẹ̀ sí tó lè dì í mú. Ọ̀pọ̀ ló ń bẹ̀rẹ̀ láti orí gíga òpó àti owó rẹ̀. Èmi kì í bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò tíì rí i rí. Ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, ní British Columbia ti Kánádà, ní New Zealand àti ní Austria, òkè tí igi wà lórí rẹ̀ lè dúró ṣánṣán débi pé katapílà tó bá gùn ún á yí dànù. Nítorí náà, wọ́n á gbé òpó irin sí etí ọ̀nà lókè, wọ́n á ta wáyà láti orí rẹ̀ kọjá àfonífojì lọ sí òkè kejì, ìtì igi á sì máa gba ojú wáyà náà bọ̀. Èyí tí ẹrù ń gbà kọjá ni mo máa pè ní wáyà ẹrù. Èyí tí wíǹṣì, ẹ̀rọ tó ń ká wáyà, fi ń fa ìtì ni wáyà ìfà. Àwọn tó na láti orí òpó lọ sẹ́yìn, tí wọ́n so mọ́lẹ̀ kí òpó má baà dojú bolẹ̀, ni wáyà ìdìmú. Ẹni tó bá ti rí àtíbàbà òde àríyá tí afẹ́fẹ́ gbé nítorí pé èèkàn kan ṣoṣo fà tu, ó ti mọ iṣẹ́ wáyà ìdìmú. Nílé, ní igbó Ọmọ tàbí lọ́nà Ọ̀rẹ̀, katapílà ló máa ń wọlé tọ ìtì lọ, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ wa kò fi rí irú òpó yìí àfi ìgbà tí a dé ọ̀hún.

Láyé àtijọ́, igi gan-an ni òpó. Wọ́n á yan igi tó ga jù lórí òkè, ọkùnrin kan á gùn ún tòun ti àáké àti ayùn, á bẹ́ orí rẹ̀ sọ nù, á sì so wáyà mọ́ ohun tó kù. Láti àwọn ọdún 1950 ni òpó irin ti ń gba ipò rẹ̀, ilé iṣẹ́ Madill ti ìlú Nanaimo, ní British Columbia, sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe irú èyí tó ṣeé fà láti orí òkè kan lọ sí òmíràn.

Mẹ́rin ló wà níwájú yín

Àkọ́kọ́ ni òpó gíga. Madill 090 jẹ́ àpẹẹrẹ rẹ̀, òpó rẹ̀ ga tó ẹsẹ̀ bàtà 90. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n jẹ́ 70. Ó máa ń fẹ́ wáyà ìdìmú mẹ́fà sí mẹ́jọ, tó tò yí i ká. Ohun tí à ń wá lára rẹ̀ ni pé ó ń gbé wáyà ẹrù ròkè. Ẹ wo ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ká ní ẹrù tọ́ọ̀nù 4 wà ní àárín méjì wáyà. Bí wáyà bá rọ̀ sílẹ̀ ní ìwọ̀n ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún gígùn rẹ̀ péré, agbára tó ń fà á á sún mọ́ tọ́ọ̀nù 20. Bí ó bá rọ̀ sílẹ̀ ní ìdá mẹ́wàá, ó di tọ́ọ̀nù 10. Ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ńkọ́? Kò tó 7. Ẹrù kan náà ni, wáyà kan náà ni. Ẹni tó bá fa wáyà rẹ̀ le tantan nítorí pé òpó rẹ̀ kúrú, tí kò sì fẹ́ kí ìtì máa wọ́ ilẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló ń di ẹrù ru òpó àti kùkùté.

Èkejì ni òpó tó ń yí. Ó kúrú, ó tẹ̀ síwájú bí ẹni tó ń wo inú kànga, ara ẹ̀rọ tó gbé e sì ń yí sọ́tùn-ún sósì kó lè gbé ìtì kalẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Wáyà ìdìmú méjì tàbí mẹ́ta ló sábà máa ń ní, ẹ̀yìn ni gbogbo wọn sì wà. Ó yá láti ṣí nípò. Àǹfààní rẹ̀ tó wù mí jù ni pé wọ́n máa ń so ọwọ́ irin mọ́ wáyà rẹ̀, ọwọ́ yẹn ló ń gbá ìtì mú láìsí pé ènìyàn ń sọ̀ kalẹ̀ lọ de é. Ní New Zealand, wọ́n ti ń gbé kámẹ́rà sára ọwọ́ irin náà, kí awakọ̀ ẹ̀rọ lè máa wo ìtì láti inú ilé ẹ̀rọ. Níbi tí kò bá ti sí ènìyàn, wáyà tó já kò ní rí ẹni pa. Ewu tirẹ̀ ni ẹ̀yìn ẹ̀rọ tó ń yí. Bí ènìyàn bá wà láàárín ẹ̀yìn yẹn àti ògiri ọ̀nà, awakọ̀ kò rí i. Ẹ ta okùn yí ibẹ̀ ká, kí ẹnikẹ́ni má gba ibẹ̀ kọjá.

Ẹ̀kẹta ni òpó kékeré irú ti Austria, bíi ti Koller, tí wọ́n gbé sórí tírélà, tírákítọ̀ tàbí ọkọ̀ akẹ́rù. Igi tẹ́ẹ́rẹ́, ẹrù fúyẹ́, òṣìṣẹ́ díẹ̀. Ẹni tó ń de ìtì àti ẹni tó ń tú u lè máa fi rìmóòtù darí rẹ̀. Ó dára púpọ̀ fún igbó tí wọ́n ń dín igi inú rẹ̀ kù. Kì í ṣe fún ìtì ńlá, ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ẹ lè fi wáyà tó nípọn sọ ọ́ di ńlá. Mo ń bọ̀ wá sórí ìyẹn.

Ẹ̀kẹrin ni katapílà ọlọ́wọ́ gígùn tí wọ́n fi ń gbẹ́lẹ̀, tí wọ́n wá gbé wíǹṣì sí lára. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni kì í ní wáyà ìdìmú rárá, ìwúwo ara rẹ̀ ló fi ń dúró. Ó kéré lówó, ó sì yá. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kúkúrú ló mọ, ilẹ̀ tó dúró lé gbọ́dọ̀ tẹ́jú, kó sì le, ọwọ́ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ kọjú tààrà sí ibi tí ìtì ti ń bọ̀. Bí ìtì bá há sí ẹ̀yìn kùkùté, tí awakọ̀ sì ń fà á síbẹ̀síbẹ̀, ẹ̀rọ ló máa gbéra nílẹ̀. Ohun tí ìwé ilé iṣẹ́ tó ṣe é bá sọ pé ó lè fà láìní wáyà ìdìmú ni kí ẹ mọ sí. Bí ìwé náà kò bá sọ̀rọ̀ nípa fífa ìtì rárá, a jẹ́ pé wọn kò ṣe é fún iṣẹ́ yìí nìyẹn.

Igun wáyà, àti àyè tó wà lẹ́yìn yín

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ìpinnu ti ń dàrú. Ká ní ìtì ń fa orí òpó síwájú pẹ̀lú agbára tọ́ọ̀nù 10, tí wáyà ìdìmú kan ṣoṣo sì wà ní ẹ̀yìn gan-an tó ń dì í mú, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Mo ṣírò ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí igun tí wáyà fi bá ilẹ̀ pàdé bá ṣe ń yí padà. Tọ́ọ̀nù Amẹ́ríkà ni, pọ́n-ùn 2,000 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan.

| Igun | Agbára tó ń fa wáyà | Ohun tó ń tẹ òpó mọ́lẹ̀ | Ibi ìdè sí òpó 90 | Ibi ìdè sí òpó 50 |
|---|---|---|---|---|
| dígírì 30 | tọ́ọ̀nù 11.5 | tọ́ọ̀nù 5.8 | ẹsẹ̀ bàtà 156 | ẹsẹ̀ bàtà 87 |
| dígírì 45 | tọ́ọ̀nù 14.1 | tọ́ọ̀nù 10 | ẹsẹ̀ bàtà 90 | ẹsẹ̀ bàtà 50 |
| dígírì 60 | tọ́ọ̀nù 20 | tọ́ọ̀nù 17.3 | ẹsẹ̀ bàtà 52 | ẹsẹ̀ bàtà 29 |

Ẹ tún ìlà tó kẹ́yìn kà. Ní dígírì 60, wáyà ń ru ìlọ́po méjì ohun tí ìtì ń fà, òpó fúnra rẹ̀ sì ń gba tọ́ọ̀nù 17 lórí, bí ẹni tí wọ́n gbé àpò sìmẹ́ǹtì lé léjìká láìdúró. Òpó irin máa ń tẹ̀ ní àárín bí ó bá gba irú ẹrù yẹn pọ̀ jù, pàápàá bí ibì kan bá ti kù díẹ̀ káàtó lára rẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n gé sí ẹ̀gbẹ́ òkè kì í sábà ní ẹsẹ̀ bàtà 156 lẹ́yìn. Nígbà míì, lẹ́yìn ẹsẹ̀ bàtà 60, òkè ti sọ̀ kalẹ̀ sí òdìkejì, wáyà tó bá sì kọjá etí òkè lọ sísàlẹ̀ ni igun rẹ̀ máa ń burú jù. Irú ibẹ̀ ni mo ti máa ń sọ fún àwọn ènìyàn pé kí wọ́n gbàgbé òpó 90, kí wọ́n mú èyí tó kúrú, kí wọ́n sì fara mọ́ ẹrù kékeré lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Owó ọjọ́ náà á dín kù. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì tún máa sọ ọ́.

Ohun kan ṣì wà nípa ìtò wọn. Nínú wáyà ìdìmú mẹ́fà, kì í ṣe gbogbo mẹ́fà ló ń ṣiṣẹ́ nígbà kan náà. Àwọn tó wà ní ẹ̀yìn, tí wọ́n kọjú sí ibi tí ìtì ti ń bọ̀, ló ń ru ẹrù. Bí ẹ bá ti yí wáyà ẹrù kúrò níbi tó wà lánàá lọ sí apá òsì, wáyà ìdìmú tó ń sinmi lánàá ló máa di aláàárù lónìí. Ẹ lọ wo kùkùté tirẹ̀ kí ìtì àkọ́kọ́ tó gbéra.

Kùkùté, ìtì tí wọ́n rì mọ́lẹ̀, àbí katapílà?

Agbára kùkùté ń pọ̀ sí i bí ìlọ́po fífẹ̀ rẹ̀ lọ́nà méjì. Èyí tó fẹ̀ ní ínǹṣì 30 lágbára tó èyí tó fẹ̀ ní ínǹṣì 15 nígbà mẹ́rin, kì í ṣe ìgbà méjì. Nítorí náà, ní igbó tí wọ́n ti gé nígbà kan rí, tí igi inú rẹ̀ ṣì tẹ́ẹ́rẹ́, ọ̀rọ̀ kùkùté yí padà pátápátá. Ọ̀kan kò lè dá ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ máa de ọ̀kan mọ́ èkejì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, àti èkejì mọ́ ẹ̀kẹta, kí okùn àárín wọn sì le kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Okùn tó dẹ̀ láàárín kùkùté méjì kò wúlò. Ìgbà tí àkọ́kọ́ bá ti fà tu ló máa ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé a pe òun síṣẹ́.

Ẹ gé ojú wáyà sí ìsàlẹ̀ kùkùté, kí ó sún mọ́ ilẹ̀. Bí wáyà bá wà lókè, kùkùté á di ọ̀pá tí ẹ fi ń hú gbòǹgbò ara rẹ̀. Ẹ wò ó bóyá ọ̀nà ti gé gbòǹgbò rẹ̀ ní apá kan, bóyá àpáta wà lábẹ́ ilẹ̀ tínínrín, bóyá igi náà ti kú kí wọ́n tó gé e. Ẹ fi ẹ̀yìn àáké lù ú. Kùkùté tó yè máa ń dún kọ̀ọ̀. Èyí tó ti jẹrà máa ń dún bí àpótí òfìfo. Kí ẹnì kan sì máa wo ẹ̀yìn rẹ̀ jálẹ̀ ọjọ́, láti ibi tí wáyà kò lè nà án bí nǹkan bá já. Lẹ́yìn òjò, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò láti ìbẹ̀rẹ̀.

Níbi tí kò bá sí kùkùté tó tó, wọ́n máa ń gbẹ́ kòtò, wọ́n á rì ìtì gbọọrọ kan sínú rẹ̀ ní ìbú, wọ́n á sì kó iyẹ̀pẹ̀ lé e. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju kùkùté wẹ́wẹ́ mẹ́ta lọ, bí ilẹ̀ bá jìn tó, nítorí pé ẹ̀yin ni ẹ yan ìtì náà, ẹ sì mọ ohun tó wà lábẹ́. Ó ń gba àkókò. Katapílà tí wọ́n fi ṣe ìdè yá jù gbogbo wọn lọ, ó sì ṣeé ṣí nípò, ṣùgbọ́n ìwúwo nìkan kò tó: katapílà tọ́ọ̀nù 20 tí kò ri abẹ ìwájú rẹ̀ mọ́lẹ̀ kò lè di tọ́ọ̀nù 20 mú, yíyọ̀ ló máa yọ̀.

Wáyà

Nínú iṣẹ́ gẹdú, ìdá kan nínú mẹ́ta agbára tí wáyà fi ń já ni a kà sí ẹrù rẹ̀. Wáyà ínǹṣì 1 tó ní irin ní àárín, irú tí wọ́n ń pè ní IPS, máa ń já ní tọ́ọ̀nù 44.9, ẹrù rẹ̀ kò ju 15 lọ. Irú EIPS, tí irin rẹ̀ le jù, máa ń já ní 51.7, ẹrù rẹ̀ jẹ́ 17.2. Ẹ fi wé tábìlì òkè yẹn. Ní dígírì 45, EIPS ṣe é pẹ̀lú àyè díẹ̀, IPS ń fi orí tì í. Ní dígírì 60, kò sí èyí tó tó nínú méjèèjì. EIPS tó jẹ́ ínǹṣì 7/8 ńkọ́, èyí tí àwọn kan ń rà nítorí pé ó fúyẹ́? 39.8 ló fi ń já, ẹrù rẹ̀ kò ju 13.3 lọ. Kò tó ní dígírì 45 pàápàá.

Okùn oníke wà báyìí, èyí tí wọ́n fi polyethylene ṣe. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ lágbára tó wáyà tó bá a dọ́gba ní fífẹ̀, ìwúwo rẹ̀ kò sì ju nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ lọ. Oregon State University ti ń ṣe ìwádìí lórí rẹ̀ fún iṣẹ́ gẹdú láti òpin àwọn ọdún 1990. Ẹni tó bá ti fa wáyà ìdìmú gun òkè nínú ẹrẹ̀ rí mọ ohun tí ìyẹn jẹ́: ẹ̀yìn ènìyàn máa ń dúpẹ́. Mo gbà á fún wáyà ìdìmú àti fún dídè kùkùté mọ́ra. N kò gbà á níbi tó ti máa fara gbo àpáta, nítorí pé òkúta máa ń gé e, ooru sì máa ń yọ́ ọ.

Ti wáyà irin, ẹ kà á. Òfin Washington sọ pé bí ìdá méjìlá àti ààbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún òwú irin bá ti já láàárín ibi tí ìkan nínú àwọn ìdì òwú ti yí wáyà po lẹ́ẹ̀kan, kí a yọ ọ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Wáyà tó ní ìdì mẹ́fà, tí ìdì kọ̀ọ̀kan ní òwú 26, òwú 156 ni gbogbo rẹ̀. Bí ẹ bá ti ka 20 tó já, ó tán. Èmi kì í dúró de 20. Ẹ fi àkísà nù ún, kì í ṣe ọwọ́ lásán, òwú tó já máa ń gún ènìyàn bí abẹ́rẹ́. Ibi tó wọ inú sọ́kẹ́ẹ̀tì, irin tó di ẹnu wáyà mú, ni kí ẹ pẹ́ sí jù, nítorí pé ìpẹtà máa ń farapamọ́ síbẹ̀.

Mo ṣèlérí pé mo máa padà sórí wáyà tó nípọn. Ilé iṣẹ́ tó ṣe òpó ti ṣírò rẹ̀ kí wáyà ìfà lè kọ́kọ́ já, kí wáyà ìdìmú àti òpó tó mì. Ẹni tó bá fi èyí tó nípọn rọ́pò wáyà ìfà ti yí ètò náà po. Lọ́jọ́ tí ìtì bá há, wáyà ìfà kò ní já mọ́. Òpó ló máa wó.

Òfin ta ló le jù?

Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà lórí iṣẹ́ gẹdú, 1910.266, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1995, sọ̀rọ̀ nípa ohun tó kan ènìyàn: kí ìtì má gbéra títí gbogbo òṣìṣẹ́ yóò fi kúrò lọ́nà, kí awakọ̀ má fa wáyà bí kò bá gbọ́ àmì yékéyéké. Kò wọnú ọ̀rọ̀ òpó jìnnà. Washington (WAC 296-54) àti Oregon (Division 7) ní òfin tiwọn, tí kò gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ sí ti àpapọ̀, àwọn ló sì tú ọ̀rọ̀ wáyà ìdìmú àti kùkùté dé ìdí. Ní British Columbia, Part 26 ti òfin WorkSafeBC ni kí ẹ kà. New Zealand kọ ìwé ìlànà tirẹ̀ ní 2012. Ní 2013 ẹ̀wẹ̀, òṣìṣẹ́ igbó mẹ́wàá ló kú níbẹ̀, ìyẹn ló sì fà á tí wọ́n fi ṣe àgbéyẹ̀wò gbogbo iṣẹ́ náà ní 2014. Bí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ níbi tí òfin kò ti le tó, ẹ mú ti Washington tàbí ti Oregon lò. Kò sẹ́ni tó máa fi ẹ̀sùn kàn yín pé ẹ ṣọ́ra jù.

Àwọn tó sọ̀rọ̀ nípa wáyà ìdìmú nínú wọn fẹnu kò lórí ohun kan: ìwé tí ilé iṣẹ́ fi ránṣẹ́ pẹ̀lú òpó ló máa sọ iye wáyà ìdìmú, ìtóbi wọn, àti ibi tí wọ́n máa wà.

Bí ẹ bá ń ra àlòkù

Ẹ béèrè ìwé náà ṣáájú iye owó. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí wọ́n sọ òpó kalẹ̀ sórí ilẹ̀, kí gbogbo ènìyàn sì jìnnà sí i ju gígùn rẹ̀ lọ nígbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti ìdí dé orí, kí ẹ máa fi ojú kan wò ó bí káfíńtà ṣe ń wo pákó, bóyá ó tẹ̀. Ẹ wo ibi tó gún wọnú. Ẹ wo ojú tí wọ́n tún jó pọ̀, kí ẹ sì béèrè ta ló jó o, àti ta ló yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn náà. Ní orí pátápátá, ẹ ó rí etí irin tí wọ́n ń so wáyà ìdìmú mọ́. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ ọ̀dà àti gírísì kúrò lára ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i láti ẹ̀gbẹ́; ibi tó bá ti sán máa ń ní òjìji tẹ́ẹ́rẹ́. Ihò tó yẹ kó rí róbótó, tó sì ti gùn bí ẹyin, ti ru ohun tó ju agbára rẹ̀ lọ nígbà kan rí. Bí ẹni tó ń tà á bá ní kò sí àyè láti sọ òpó kalẹ̀ kí ẹ lè rí orí rẹ̀, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ wọ ọkọ̀ yín, kí ẹ máa lọ.